Ṣé dandan ni kí wọ́n gé mi lábẹ́ nígbà ìbímọ kejì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé mi lójú ara, wọ́n sì rán an. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni jíjókòó fi di ogun fún mi. Oyún kejì ti wọ oṣù kẹjọ báyìí. Ṣé mo lè ní kí wọ́n má gé mi mọ́? Àwọn kan ní bí wọn ò bá gé mi, màá ya dé ìdí. Ìyá ọkọ mi sì ní omi gbígbóná ni kí n máa jókòó sí kí ọgbẹ́ lè tètè jiná.

Ìdáhùn: A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹ lè sọ ọ́, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé “láéláé”. Ẹ ní kí wọ́n má gé yín láìnídìí, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín kí àlùmọ́gàjí tó kàn yín.

Láyé ọjọ́un, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ń gé gbogbo ẹni tó bá ń bí àkọ́bí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí wọ́n má sọ ọ́ di àṣà mọ́ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2018. Gígé kì í mọ sí awọ nìkan, ó máa ń wọ inú ẹran. Ẹni tí ì bá ya díẹ̀, tàbí tí kò ní ya rárá, á wá gba ọgbẹ́ ńlá lásán. Ti ìbímọ kejì sì sábà máa ń rọrùn, torí ojú ọ̀nà ti fẹ̀ rí.

Ìgbà mìíràn wà tí gígé ń gba ẹ̀mí là: bí ọkàn ọmọ bá ń rẹ̀ tí orí sì ti dé ẹnu ọ̀nà, bí wọ́n bá fẹ́ fi irinṣẹ́ fa ọmọ, tàbí bí èjìká bá há tí agbẹ̀bí ń wá àyè fún ọwọ́. Bí wọ́n bá dá abẹ́ fún yín ní kékeré, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, torí àpá kì í nà bí awọ.

Ti “ya dé ìdí” yẹn, gígé tààrà sísàlẹ̀ gan-an ló máa ń ràn lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kí wọ́n dà á sí, ní nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 60, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú, nígbà tí orí ọmọ ti na awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá kánjú gé e, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀.

Kí awọ ibẹ̀ lè rọ̀ ṣáájú ìbímọ, láti ọ̀sẹ̀ 35 oyún, ẹ lè máa fi àtàǹpàkò tó mọ́, tí wọ́n ti gé èékánná rẹ̀, pẹ̀lú òróró ólífì, rọra tẹ inú ẹnu ọ̀nà sísàlẹ̀ àti sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ má ṣe é bí omi bá ti dà tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ. Nígbà ìrọbí, ẹ bẹ agbẹ̀bí kó fi aṣọ mímọ́ tí wọ́n rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ gbé ibẹ̀ ró. Bí orí bá ń yọ, ẹ dáwọ́ títì dúró, ẹ máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Màmá fẹ́ ire fún yín, àmọ́ omi gbígbóná ń bó awọ, ó sì lè jẹ́ kí ojú rírán tú. Dettol náà ń jó ọgbẹ́. Lọ́jọ́ kìíní sí ìkejì, yìnyín tí ẹ wé sínú aṣọ mímọ́ ló dáa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, omi tí ìgbọ̀nwọ́ yín gbà ni kí ẹ máa dà síbẹ̀ bí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ rọra nu ún láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bí ó bá ń dùn yín, ẹ lo parasitamọ́ọ̀ oní mílígíráàmù 500 (500 mg), ẹyọ méjì, ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kó má ju mẹ́jọ lọ lójúmọ́. Ẹ mu omi dáadáa, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ. Bí ẹ bá fẹ́ yàgbẹ́, ẹ fi páàdì mímọ́ tẹ ojú rírán mú. Òwú náà á yọ́ fúnra rẹ̀. Bí ègé rẹ̀ bá bọ́ sórí páàdì, ẹ má fòyà.

Ẹ padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an bí ibà bá dé, bí ojú ọgbẹ́ bá ń rùn tàbí tó ń ṣọyún, tàbí bí ẹ̀gbẹ́ kan bá wú tó ń ta yín kíkankíkan: ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ò bá lè mú ìsó tàbí ìgbẹ́ dúró, ẹ má tijú, ẹ sọ. Ó ní àtúnṣe. Ní ti ọkọ, kò sí ìkánjú, ó di ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dá tí ìrora sì tán.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò oyún tó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gígé yìí sínú káàdì yín. Ẹni tó ń yẹ̀ yín wò lè má sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀.