Ṣé Mark Twain Jẹ Ọ̀gágun Grant Lówó Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Olóòtú. Ọ̀rẹ́ mi kan takú pé Mark Twain, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà nì, ló bá Ọ̀gágun Grant kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, tó sì fi ọ̀rẹ́ bojú jẹ ẹ́ lówó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Òǹkàwé yín, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Irọ́ ni méjèèjì, ọmọ mi.

Grant ló ṣẹ́gun Lee, ọ̀gágun àwọn ará Gúúsù, nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà lọ́dún 1865, ó sì ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà fọ́dún mẹ́jọ. Gbájúẹ̀ kan, Ferdinand Ward, tó ń bá ọmọ Grant dòwò pọ̀ ní New York, ló sọ ọ́ di ẹni ẹ̀tẹ́ lóṣù karùn-ún ọdún 1884. Orúkọ baba ni Ward fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Nígbà tí àṣírí tú, Grant kó idà àti àmì-ẹ̀yẹ ogun rẹ̀ fún Vanderbilt, olówó ńlá kan, torí 150,000 dọ́là tó yá lọ́wọ́ ẹ̀. Kò pẹ́ sí i, jẹjẹrẹ mú Grant lọ́fun. Kó lè rówó, ó pinnu láti kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Ìwé ìròyìn Century ní àwọn á máa fún un ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ìwé náà. Ó kù díẹ̀ kó buwọ́ lù ú ni Twain yọjú: irú owó yẹn, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí ni wọ́n ń fún un! Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé tòun á fún un ní ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún èrè. Grant ní rárá o, Century ló kọ́kọ́ wá. Twain ní tó bá jẹ́ ti ẹni tó kọ́kọ́ dé ni, òun ni, ṣebí láti 1881 lòun ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́. Ibí yìí ni ọ̀rẹ́ wọn ti wù mí jù. (Àbí ẹ ò rí ayé? Lọ́dún 1861, Twain yìí ti bá àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ọ̀tá Grant ṣe ṣójà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó sá kúrò.)

Grant fúnra ẹ̀ ló kọ̀wé. Fọ́tò rẹ̀ kan wà tí wọ́n yà ní Mount McGregor, ní ìpínlẹ̀ New York: ó jókòó sí fàráńdà, ó dé fìlà, ó fi aṣọ wé ọrùn, ó ń kọ̀wé. Nígbà yẹn, ohùn ti ń lọ, orí pépà pélébé ló ti ń bá dókítà sọ̀rọ̀. Àtúnyẹ̀wò ohun tí wọ́n tẹ̀ ni Twain ṣe. Ìwé parí tán ni baba kú, ní July 23, 1885.

Twain náà jèrè níbẹ̀, kò ṣe é lófo. Àmọ́ ní February 1886, iléeṣẹ́ rẹ̀ kọ ṣẹ́ẹ̀kì 200,000 dọ́là fún Julia, opó Grant, òmíràn sì tún tẹ̀ lé e.