Èsì: Kí ló ń yí mọ́tò inú sẹ́ẹ̀lì?

Ẹ̀gbọ́n mi ará Láfẹ́ńwá, ìbéèrè yín dáa gan-an ni. Ẹ ní ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ń jó epo kó tó yí, kí wá ni ATP (èròjà kékeré tó ń gbé agbára kiri nínú sẹ́ẹ̀lì) ń jó, ṣé ooru ẹ̀ ló ń yí mọ́tò yẹn ni. Rárá o, ooru kọ́.

Ẹ wo F1, ìyẹn orí ATP synthase, mọ́tò pírótéènì tí à ń sọ yìí. Ihò mẹ́ta tí ATP ń wọ̀ ló yí ọ̀pá kan ká níbẹ̀, ọ̀pá yẹn ò sì tọ́ dáadáa, ó wọ́ díẹ̀ (wíwọ́ yẹn gan-an ló wúlò). Tí ATP bá ti wọ ihò kan báyìí, pírótéènì ibẹ̀ á dì í mú pinpin, á tẹ̀, bó ṣe ń tẹ̀ ló ń ti ọ̀pá, ọ̀pá á yí, ATP á wá já sí ADP àti fọ́sífétì (èérún ATP méjì), wọ́n á jáde, ihò á là, ó kan èyí tó tẹ̀ lé e, ATP kan fún 120°. Ìdìmú yẹn ni púpọ̀ nínú agbára ti ń wá.

Àmọ́ lára tiwa, òdìkejì ẹ̀ ló sábà máa ń ṣe: ATP ló ń ṣe jáde, kì í fọ́ ọ. Tí ẹ bá jẹ láfún yín tán, proton (háídrójìn tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ẹ̀ ti kúrò) á pọ̀ jù lápá kan awọ máitokọ́ńdríà (ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì), wọ́n á máa rọ́ gba ìdí mọ́tò yẹn padà, àwọn ló ń yí i, mẹ́jọ fún yíyí kan, ATP mẹ́ta á jáde.

Ẹni tó bá ní àròsọ ni, àwọn ará Jàpáànì so okùn actin (pírótéènì tó gùn bí okùn) tó ń tàn mọ́ ọ̀pá yẹn ní 1997, wọ́n sì fojú rí i tó ń yí lábẹ́ maikirosíkóòpù.