Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Kristẹni Tó Sá fún Inúnibíni Ti Sẹ́ Olúwa Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Jésù ní kí ẹni tí wọ́n bá gbá létí yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Bí wọ́n bá wá ń ṣe inúnibíni sí Kristẹni nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣé ó lè sá lọ tàbí kó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, àbí àìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run nìyẹn?

Ìdáhùn: Ó lè sá, ó sì lè lọ sílé ẹjọ́. Jésù fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn àpọ́sítélì pé bí wọ́n bá ṣe inúnibíni sí wọn ní ìlú kan, kí wọ́n sá lọ sí òmíràn (Mátíù 10:23). Nígbà tí àwọn ọ̀tá Pọ́ọ̀lù ń ṣọ́ ẹnubodè Damásíkù tọ̀sán-tòru kí wọ́n lè pa á, àwọn ọmọ ẹ̀yìn gbé e sínú agbọ̀n, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lára odi ìlú lóru. Ẹnu tó fi ń wàásù ní Damásíkù náà ló gbé dé Jerúsálẹ́mù, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ní ó sẹ́ Olúwa. Wọ́n bú Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage ní Àríwá Áfíríkà, pé ojo ni nígbà tó fara pa mọ́ lábẹ́ inúnibíni Decius, olú ọba Róòmù, ní ọdún 250, àmọ́ nígbà tí wọ́n mú un ní 258, kò sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí.

Ní ti òfin, wọ́n fi ọ̀pá na Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní Fílípì láìgbọ́ ẹjọ́ wọn, àwọn adájọ́ sì fẹ́ tú wọn sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ lọ́jọ́ kejì. Pọ́ọ̀lù kọ̀ jálẹ̀: ọmọ ìbílẹ̀ Róòmù ni àwọn, òfin kò sì gbà kí wọ́n na irú wọn láìgbọ́ ẹjọ́, kí àwọn adájọ́ wá fẹsẹ̀ ara wọn mú àwọn jáde (Ìṣe 16:37). Lérò tèmi, ìjọ kékeré tó máa fi sílẹ̀ níbẹ̀ ló ń rò. Ẹ sì kíyè sí i pé kò ní kí wọ́n na ẹnikẹ́ni padà.

Ẹ̀san gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn kà léèwọ̀. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ kan gbá Jésù létí níwájú àlùfáà àgbà, kò gbá a padà, kò sì dákẹ́. Ó bi í pé bó bá jẹ́ òtítọ́ lòun sọ, kí ló dé tó fi lu òun (Jòhánù 18:23). (Kì í sì í ṣe gbogbo ìyà ni inúnibíni: Pétérù kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe jìyà bí olè tàbí ẹni tó ń tojú bọ ọ̀ràn ọlọ́ràn.)

Ó wá ku àwọn tí kò ríbi sá sí, tí adájọ́ ò sì dá lóhùn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn aṣáájú Júù halẹ̀ mọ́ Pétérù àti Jòhánù, ìgboyà láti máa sọ̀rọ̀ nìṣó ni ìjọ tọrọ, wọn ò tọrọ ikú ọ̀tá. Hébérù 13:3 sì ní kí a máa rántí àwọn tó wà nínú ìdè bí ẹni pé a jọ wà níbẹ̀, èyí tó ju àdúrà lọ, torí pé ìyàwó ẹlẹ́wọ̀n ní owó ilé láti san, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹun.