Mo lè gbé irin ní jíìmù, kí ló dé tí òkè ń dá mi dúró?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Sheffield ní England ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 38 ni mí. Ọdún tó kọjá, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọnù lórí òkè ní Peak District, àwọn mountain rescue, àwọn tó ń wá ẹni tó bá sọnù tàbí fara pa lórí òkè tí wọn ò gba kọ́bọ̀, ló rí i ní òru, àtìgbà yẹn ló ti wà lọ́kàn mi pé èmi náà fẹ́ bá wọn ṣe é. Mò ń lọ jíìmù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, mo lè gbé 100 kílò. Àmọ́ Sátidé tó kọjá mo gun òkè Kinder Scout níbẹ̀, mi ò tíì dé ìdajì tí mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìgbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ orúnkún mi ń gbọ̀n. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú ọkàn rere o. Irin tí ẹ ń gbé ò burú rárá, ṣùgbọ́n ẹ gbé e, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ jókòó, ẹ mu omi, ó parí. Orí òkè ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù máa wà lẹ́yìn yín fún wákàtí mẹ́fà, mẹ́jọ, tí ẹ bá wá rí ẹni tó sọnù tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kán, ẹ̀yin náà lẹ máa bá wọn fi sítíréṣà gbé e sọ̀ kalẹ̀, nínú òkùnkùn, lórí òkúta tó ń yọ̀. Mítà 636 péré ni Kinder Scout ga, àmọ́ ẹrẹ̀ dúdú tó wà lórí ẹ̀ máa ń gbé ẹsẹ̀ mì, ẹ sì ti rí i fúnra yín.

Nítorí náà, ìrìn ni kí ẹ máa rìn, pẹ̀lú ẹrù. Ẹ fi 7 kílò bẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ omi nínú ike, torí tí ẹ bá dé òkè tán tí ó rẹ̀ yín, ẹ lè da díẹ̀ nù kí orúnkún má baà jìyà bí ẹ bá ń bọ̀ wálẹ̀. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ ò ráyè lọ sórí òkè, ẹ wá àtẹ̀gùn, ìsọ̀kalẹ̀ gan-an ni kí ẹ rọra máa ṣe, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, torí ibẹ̀ ni iṣan itan ti ń kọ́ bó ṣe máa di ara mú. Nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ara wọn le, àwọn panápaná inú igbó ní Amẹ́ríkà máa ń gbé ẹrù 45 pọ́ọ̀n rìn máìlì 3 láàárín ìṣẹ́jú 45, wọn ò gbọ́dọ̀ sáré. Ẹ má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ o! Àmọ́ ẹ mọ̀ pé irú ara tí irú iṣẹ́ yìí ń fẹ́ nìyẹn.

Ẹ kọ́ máàpù àti kọ́ḿpáàsì náà. William Naismith, ará Scotland, ti ṣe ìṣirò kan láti 1892 nípa iye àkókò tí ìrìn lórí òkè máa gbà: wákàtí kan fún máìlì 3, ẹ fi wákàtí kan kún un fún ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí ẹ bá gùn. Kò ka ìsinmi mọ́ ọn, kò ka òru mọ́ ọn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni òtútù. Ẹ ti làágùn gun òkè, ẹ wá dúró ti ẹni tó fara pa, aṣọ òwú tó ti rin máa gba gbogbo ooru ara yín. Ẹ má wọ jíǹsì, ẹ mú aṣọ gbígbẹ dání. Ẹni tó ń gbọ̀n ṣì ń jà. Tí kò bá gbọ̀n mọ́, tó ń rìn bí ọ̀mùtí, tí ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu ẹ̀, ewu ti dé nìyẹn, ẹ má fún un ní ọtí kankan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, láti Ṣakí ni. Àwa ọ̀dọ́ máa ń tẹ̀ lé àwọn ọdẹ wọ igbó tẹ́nì kan bá sọnù. Lóṣù kẹta a wá màmá àgbà kan tó lọ ṣẹ́gi. A rí wọn láàyè, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa dákú sínú oòrùn. Ṣé àìmu omi ló fà á?

ÌDÁHÙN: Àìmu omi wà lára ohun tó fà á. Ẹ má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín, ẹ máa mu bíi kọ́ọ̀bù kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 20. Tí ìrìn bá máa pẹ́, ẹ po omi iyọ̀ àti ṣúgà dání: ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí ẹ fọwọ́ nù dọ́gba àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà omi kan. Ẹni tó bá dákú, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ. Tí ara ẹ̀ bá gbóná janjan tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ fi omi tù ú lára kí ẹ tó gbé e lọ ọsibítù.

Tí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má so ó le, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fẹnu fà á. Ẹ fi igi gbè é kí ẹsẹ̀ má mì, ẹ gbé e lọ ọsibítù kíá. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá ọdẹ ní ewé tiwọn, mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an, àwọn ló mọ igbó ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n oògùn tó ń pa oró ejò, ọsibítù ló wà.

Ẹ ẹ̀ sọ fún mi bóyá ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà igbó lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹ bá tún ń lọ, kí ẹnì kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti fóònù tó ní iná, kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wọlé àti aago tó wọlé, kó má sì lọlé títí ẹni ìkẹyìn fi máa jáde.