Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ará Scotland ni ọkọ mi, báwo la ṣe máa rí agboolé wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Glasgow ni mò ń gbé, ará Aberdeenshire ni ọkọ mi, Gordon sì ni orúkọ ìdílé wọn. Àgbẹ̀ ni wọ́n látayébáyé. Ìwé ìbí bàbá bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa: wọ́n bí i ní 1878 ní Newton, "farm servant" ni wọ́n kọ síwájú orúkọ bàbá ọmọ. Mo ti sanwó fún àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fún wa ní coat of arms (àwòrán àmì oyè) ìdílé Gordon àti ìwé ilẹ̀ kékeré kan tó sọ ọkọ mi di laird, ìyẹn onílẹ̀ ńlá. Báwo la ṣe máa rí agboolé wọn gan-an? Ṣé a lè gba ìpín tiwa nínú ilẹ̀ náà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ilé ọkọ o. Kò yà mí lẹ́nu pé ìyàwó ló ń wá orírun ọkọ kiri. Nílé wa náà, àwọn obìnrin ilé ló ń mọ oríkì ìdílé ju ọmọ bíbí ibẹ̀ lọ.

Owó tí ẹ san yẹn ti wọgbó. Ní Scotland, coat of arms kì í ṣe ti gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ni ín, ilé ẹjọ́ Lord Lyon ní Edinburgh ló sì ń fúnni. Láti 1672 ni ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí ti wà, ẹni tó bá sì ń lo ti ẹlòmíràn ń rúfin. Ti ilẹ̀ tí kò gba ju ẹsẹ̀ ènìyàn méjì lọ yẹn ńkọ́? Òfin ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti 2012 kò gbà kí wọ́n forúkọ irú ilẹ̀ ìrántí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ ẹnikẹ́ni di laird. Bí ọkọ yín ṣe ń jẹ́ Gordon náà kò sọ Huntly Castle, ilé olódi àtijọ́ àwọn olórí ìdílé Gordon, di ti bàbá rẹ̀. Orúkọ yẹn pọ̀ ní agbègbè yẹn, olówó ń jẹ́ ẹ, tálákà ń jẹ́ ẹ. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbé irú ìwé yìí wá fún mi kí n wá bá wọn wo "ààfin" wọn. Ó ti sú mi.

Ó wá ku ti agboolé. Lójú tiwa, kò sí ọmọ ènìyàn tí kò ní ilé bàbá, níbi tí wọ́n sin àwọn àgbà sí, tí ẹbí ń padà sí tí ọdún bá dé. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ Scotland ayé ìgbà yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọwọ́ ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ilẹ̀ wà. Laird ló ni oko, òun ló ni ilé tó wà lórí oko. Ẹni tí ìwé pè ní farmer, ó háyà ni. Ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san. Àdéhùn ọdún 19 ló wọ́pọ̀, tó bá sì pé, laird lè fi owó kún un, tàbí kí ó gbé oko fún ẹlòmíràn, kí ayálẹ̀ kó ẹrù rẹ̀.

Bàbá ńlá ọkọ yín kò tilẹ̀ tó ẹni tó háyà oko. Alágbàṣe ni. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń gba àpọ́n síṣẹ́, ẹni tó láya lè gba ọdún kan. Tí May tàbí November bá dé, ní àsìkò tí wọ́n ń pè ní Whitsunday àti Martinmas, wọ́n á lọ dúró lọ́jà, olóko, ìyẹn ẹni tó háyà oko lọ́wọ́ laird, á wá bá wọn dúnàá-dúrà lórí owó iṣẹ́. Bí wọn ò bá fẹ́ dúró mọ́, tàbí tí olóko kò fẹ́ wọn mọ́, wọ́n á di bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò àti ọmọ sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó di oko mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ìdílé kan nínú ìwé ìkànìyàn tó jẹ́ pé páríìṣì (àgbègbè kékeré) tí wọ́n bí ọmọ kìíní sí kọ́ ni wọ́n bí ìkejì sí, ti ìkẹta tún yàtọ̀. Newton yín, ibi tí iṣẹ́ gbé wọn dé lọ́dún yẹn ni. Ó lè jẹ́ pé nígbà tí wọ́n fi ka ènìyàn ní 1881, wọ́n ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Nítorí náà, ìpín kankan kò sí. Òfin 1886 dáàbò bo àwọn àgbẹ̀ kéékèèké lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń dá, àmọ́ àríwá, ìwọ̀-oòrùn àti àwọn erékùṣù ló wà fún, Aberdeenshire kò sí nínú rẹ̀. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ṣì ń jẹ yín lọ́kàn, ẹ lọ bá lọ́yà Scotland, kì í ṣe ti London, torí òfin wọn yàtọ̀ síra. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi lọ bá olóko kankan jà.

Ilé tí wọ́n bí bàbá yẹn sí ṣeé wá o. Ẹ tún ìwé ìbí yẹn kà dáadáa. Orúkọ páríìṣì tí wọ́n ti forúkọ ọmọ sílẹ̀ wà lókè rẹ̀. Láìsí ìyẹn, ẹ máa wá Newton títí ni, nítorí Newton, Milton àti Kirkton kún Scotland káàkiri. Ọjọ́ àti ibi tí bàbá àti ìyá ọmọ ti ṣègbéyàwó tún wà nínú rẹ̀, èyí tí ìwé ìbí England kì í ní. Pẹ̀lú ìyẹn, ẹ lọ sí ScotlandsPeople, tí í ṣe ti ìjọba, kí ẹ ra ìwé ìgbéyàwó náà. Owó rẹ̀ kéré sí ti coat of arms yín. Orúkọ òbí ọkọ àti ti ìyàwó máa wà níbẹ̀, títí kan orúkọ tí àwọn ìyá ń jẹ́ nílé bàbá wọn.

Lórí ìkànnì kan náà, ẹ wo Valuation Roll 1875 àti 1885 fún páríìṣì yẹn. Ìwé owó ilé àti ilẹ̀ ni. Ẹ lè má rí Gordon yín níbẹ̀, torí wọn kì í sábà kọ orúkọ ẹni tí owó ilé rẹ̀ kò tó £4 lọ́dún. Ẹ máa rí onílẹ̀ àti ẹni tó háyà Newton. Orúkọ onílẹ̀ ló ṣe pàtàkì, torí ìwé oko àwọn laird pọ̀ ní National Records of Scotland, orúkọ òṣìṣẹ́ sì máa ń wà nínú òmíràn. Ẹ má náwó sórí ìwé Sasines, ìwé tí wọ́n ń kọ ẹni tó ni ilẹ̀ sí. Àwọn tó ni ilẹ̀ ló wà fún láti 1617.

Lẹ́yìn náà ni máàpù. National Library of Scotland gbé àwọn máàpù àtijọ́ síta lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì lè gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán òde òní. Ẹ lo èyí tó tóbi jù, 25-inch, tí ínǹṣì 25 dúró fún máìlì kan. Ẹ má tẹjú mọ́ ilé ńlá àárín oko, ti olóko nìyẹn. Ẹ wo ẹ̀bá ọ̀nà fún ilé kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn, tí ọgbà tẹ́ẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn wọn: ibẹ̀ ni alágbàṣe tó láya ń gbé. Èyí tí wọ́n kùn nínú ní òrùlé. Èyí tó jẹ́ ìlà lásán ti wó nígbà tí wọ́n ń ya máàpù. Tí ẹ bá bá wọn ní Newton nínú ìkànìyàn, ẹ wo iye yàrá tó ní fèrèsé tí wọ́n kọ síwájú orúkọ wọn. Ó sábà máa ń jẹ́ méjì, nígbà mìíràn ẹyọ kan, fún gbogbo wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ wò ó, òfin 2003 gbà yín láàyè láti fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà yín láàyè nínú ọgbà ilé onílé tàbí láàárín ohun ọ̀gbìn. Ẹ kọ̀wé sí olóko ṣáájú, kí ẹ sọ fún un pé ìtàn lẹ wá wò. Ẹ má lọ ní April, àsìkò tí àgùntàn ń bí nìyẹn, kò ráyè yín.