Ẹ Má Dúró De Ìfẹ́ Kí Ẹ Tó Jáde Ṣeré

Ìbéèrè: Dókítà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Òṣogbo níbí. Àwọn ọmọ mi ní kí n máa jáde lọ ta ayò ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ara mi kì í fẹ́, n kò sì mọ àwàdà ṣe. Ẹnìkan ta àgbo inú ìgò fún mi nínú ọkọ̀ nítòsí Ọjà Ọba, ó ní yóò mú ara mi yá gágá. Ṣé kí n mu ún tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ni?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ gbé ìgò yẹn sílẹ̀ ná. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí àwọn alágbo inú ọkọ̀ ti sọ ìrẹ̀wẹ̀sì àwọn àgbàlagbà di ọjà, inú ń bí mi sí i gidigidi. Ọtí ni wọ́n fi ń rẹ púpọ̀ nínú àwọn àgbo bẹ́ẹ̀, ọtí a sì máa mú ara yá fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a da oorun rú, a sì mú kí ọkàn wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ewu rẹ̀ tún pọ̀ sí i bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC lára, ẹ má tilẹ̀ tọ́ ọ wò.

Ohun tó jẹ mí lógún jù ni èrò tó wà lábẹ́ ìbéèrè yín, pé ara gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ kí ènìyàn tó jáde. Èrò náà kò tọ̀nà. Fún ẹni tó ti pẹ́ tí kò ṣeré, ẹ̀yìn ìṣe ni ìfẹ́ ń bọ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Peter Lewinsohn, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá ti ń yẹra fún ohun tó ń fún un láyọ̀ ni ayọ̀ rẹ̀ ń dín kù, bí ayọ̀ sì ti ń dín kù ni yóò tún máa yẹra sí i. Ìtọ́jú tó ti inú èrò yìí jáde, tí a ṣì ń lò fún àrùn ìrẹ̀wẹ̀sì títí di òní, kì í dúró de ọkàn rárá: a ó kọ ohun kékeré kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò rẹ̀, a ó sì ṣe é, ara ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀. Bí ẹ̀rọ omi tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ ló rí. Kò sí ẹni tí í dúró kí omi kọ́kọ́ ṣàn kó tó tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ yan ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ẹ lọ sí ìdí ayò fún ìdajì wákàtí péré. Bí ẹ kò bá fẹ́ ta, ẹ jókòó wòran. Ìjókòó àkọ́kọ́ lè má dùn, ìkejì náà lè má dùn. Ẹ má torí ìyẹn padà sẹ́yìn. Ayò dára fún yín nítorí pé ẹ̀fẹ̀ wà nínú eré náà fúnra rẹ̀: bí ọmọ ayò 48 ti ń yí ihò 12 ká ni ọ̀ta ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, tí àwọn òǹwòran sì ń dá sí i.

Ti pé ẹ kò mọ àwàdà ṣe kò dí yín lọ́wọ́. Robert Provine, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà mìíràn, fetí sí ẹ̀rín àwọn ènìyàn ní gbangba, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rín ń tẹ̀lé, kì í ṣe àwàdà. Ìwádìí rẹ̀ mìíràn sì fi hàn pé ènìyàn ń rẹ́rìn-ín láàárín àwùjọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30 ju ìgbà tó bá dá wà lọ. Kò pọn dandan kí ẹ pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà wà níbẹ̀.

N kò tíì yẹ̀ yín wò, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò ìtọ́jú. Bí ohunkóhun kò bá wù yín fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí oorun tàbí oúnjẹ yín sì yí padà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ti mu fún dókítà. Bí èrò pé ikú sàn jù bá wọ ọkàn yín, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó lọ, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín sì sìn yín débẹ̀.