Ta Ló Ń Pàṣẹ fún Ọmọ Ológun Tí Wọ́n Gbé Lọ sí Maiduguri?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ ogun ilẹ̀ ni ọmọ mi ọkùnrin, bárékè Alámàlà níbí ní Abẹ́òkúta ló wà tẹ́lẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti gbé e lọ sí Maiduguri. Ó ní ọ̀gá tí àwọn ń gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀gá tí àwọn fi sílẹ̀ nílé, àti pé àwọn ọmọ ogun òfurufú náà ń bá àwọn ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ta ló wá ni ọmọ mi báyìí? Bí ọ̀rọ̀ owó oṣù tàbí ìsinmi bá délẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni ká lọ? Ìyá ọmọ ológun, Ìtòkú.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àárò ọmọ, màmá, ẹ sì kú àdúrà. Ọ̀gá méjèèjì ló ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ wọn yàtọ̀ síra.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 217, dá ẹ̀ka ogun mẹ́ta sílẹ̀: ti ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfurufú. Abala 218 fi bí a ó ṣe lò wọ́n lójú ogun sọ́wọ́ Ààrẹ, òun náà ló sì ń yan olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú Ọ̀gá Àgbà tó wà lórí gbogbo wọn. (Ọmọ Yorùbá, Ọ̀gágun Alani Akinrinade, ló kọ́kọ́ wà ní ipò Ọ̀gá Àgbà yìí, ní 1980.) Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọmọ ogun tirẹ̀ síṣẹ́, tó ń kọ́ ọ, tó sì ń san owó rẹ̀. Nígbà tí ogun bá dé, wọ́n á mú lára ọmọ ogun ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó wọn lé ọ̀gá kan ṣoṣo lọ́wọ́ ní ojú ogun náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín nìyẹn. Orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ ogun tó ń lọ níbẹ̀, láti 2021, ni Operation Hadin Kai, ìṣọ̀kan sì ni Hadin Kai túmọ̀ sí ní èdè Hausa.

Èyí kò ṣàjèjì sí àwa Ẹ̀gbá. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní jagunjagun àti olóyè ogun tirẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí Dàhómì dé ẹnubodè Àró ní 1851, odi kan náà ni gbogbo wọn jọ gbèjà.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ètò yìí kò bá ti dán mọ́rán. Ní oṣù kẹrin 1980, Amẹ́ríkà rán ọmọ ogun láti oríṣiríṣi ẹ̀ka lọ gba àwọn ènìyàn wọn tí wọ́n há mọ́ Iran, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun náà kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ṣe ìdánrawò pọ̀. Lóru, nínú eruku aṣálẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti pinnu láti padà sílé, hẹlikópítà kan rọ́ lu bàálù tiwọn náà tó dúró sílẹ̀, ènìyàn mẹ́jọ sì kú láìsí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Ìjàǹbá yẹn wà lára ohun tó bí òfin 1986 wọn, èyí tó fi agbára gidi lé ọ̀gá ojú ogun kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́.

Lójú tèmi, ibi tí iṣẹ́ náà ti nira jù ni yàrá tí wọ́n ti ń darí ogun. Awakọ̀ bàálù ogun kò lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá láti òkè. Igi àti eruku ló ń rí. Nítorí náà, ọmọ ogun òfurufú kan gbọ́dọ̀ jókòó ti àwọn ọmọ ogun ilẹ̀, kí wọ́n jọ máa wo máàpù kan náà, kí òun sì máa fi rédíò sọ fún awakọ̀ náà ibi tí àwọn tiwa wà. Bí máàpù bá di méjì, tàbí tí ẹni méjì bá ń pàṣẹ, ẹ̀mí ọmọ wa ló wà nínú ewu.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an: owó oṣù, ìgbéga àti ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ka ogun ilẹ̀. Ìsinmi, ibi tí yóò wà àti iṣẹ́ tí yóò ṣe wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ojú ogun, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ni kó tọrọ ìsinmi lọ́wọ́ wọn níbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú lọ sí Alámàlà nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún pè yín, ẹ béèrè bóyá orúkọ yín àti nọ́ńbà fóònù tí ẹ ń lò báyìí ló wà nínú fáìlì rẹ̀, kí wọ́n lè tètè rí yín bá sọ̀rọ̀.